Ẹ fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ ná, ẹ bi olùtajà ohun tí àgbò ń jẹ

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Bí Iléyá ṣe ń sún mọ́lé, ọ̀rọ̀ owó àgbò ló kún ẹnu gbogbo ayé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí láyè kí n sọ̀rọ̀ nípa àgbò tí a ti san owó rẹ̀ tán, tí a so mọ́ ẹ̀yìnkùlé, tó wá ń ya ìgbẹ́ gbuuru.

Ọ̀pọ̀ àgbò tí a ń rà ní Kara tàbí Akínyẹlé, láti òkè Ọya lọ́hùn-ún, Sókótó, Kánò, Borno, ni wọ́n ti fi tírélà kó wọn wá, láìjẹ láìmu dáadáa lójú ọ̀nà. Ewé ẹ̀pà àti ewé ẹ̀wà gbígbẹ ló mọ́ wọn lára. Bí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ wa, ìkẹ́jù la fi ń ṣe wọ́n níkà: àwọn ọmọ á ju búrẹ́dì, ìyá àgbà á da àgbàdo àti ẹ̀bà àná sílẹ̀, aládùúgbò á gbé èèpo ẹ̀gẹ́ tútù wá, èyí tó ní májèlé tirẹ̀ tí a kò bá sá a gbẹ. Àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ṣàkì ló ń bá àgbò da oúnjẹ, ewé gbígbẹ sì ni àwọn yẹn mọ̀. Tí àgbàdo àti búrẹ́dì bá ya lù wọ́n lójijì, inú ẹran á kan bí omi ògì, ìgbẹ́ á máa ṣàn. Ó tó bí ọ̀sẹ̀ méjì kí oúnjẹ tuntun tó mọ́ ṣàkì lára.

Nítorí náà, kí a tó kúrò lọ́jà, ká bi olùtajà ohun tó ń fún un jẹ, ká sì ra díẹ̀ dání. Bí ìgbẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, koríko gbígbẹ nìkan ni kó máa jẹ, kó sì máa mu omi tí a po iyọ̀ àti ṣúgà díẹ̀ mọ́. Bí ikùn rẹ̀ bá wú lápá òsì, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, dókítà ẹran ni kíá.

Tí ojú àti imú bá ń ṣomi, tí ẹnu ń dá egbò, ó lè jẹ́ PPR, àrùn kan tó máa ń ran ewúrẹ́ àti àgùntàn. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á, kò sí oògùn tó ń pa á; abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n ń ṣe ní Vom, nítòsí Jos, ló ń dènà rẹ̀, ìyẹn tí ẹran bá ti gbà á ṣáájú. Ẹ má so irú àgbò bẹ́ẹ̀ mọ́ ewúrẹ́ yín o, ewúrẹ́ ló máa ń pa jù.

Èyí tó mú mi kọ̀wé gan-an ni abẹ́rẹ́ oxytetracycline, oògùn apakòkòrò kan, tí ẹnikẹ́ni tó bá ti ní síríǹjì ń gún fún àgbò lọ́sẹ̀ Iléyá. Irú rẹ̀ tó máa ń pẹ́ lára lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin kó tó kúrò nínú ẹran. A gún un lọ́jọ́ Ajé, a pa á lọ́jọ́ Ẹtì, a sì pín in fún tọmọdé tàgbà. Ànọ́bì ti sọ pé ẹran tí àìsàn rẹ̀ hàn kò tọ́ fún Láyà, ṣùgbọ́n a kì í bi àfáà, oníabẹ́rẹ́ là ń sáré pè. Kí àwọn aláṣẹ ọjà sọ ọ́ di dandan fún olùtajà láti sọ oògùn tí ẹran ti gbà àti ọjọ́ tó gbà á. Ẹni tó bá ti gún tirẹ̀, kó wá òmíràn pa, kó máa sin èyí títí ọjọ́ oògùn yóò fi pé.

Èmi ni tiyín,
Olùkàwé yín kan tó ń sin àgùntàn, Ìbàdàn