Ta Ló Kí Ìyá Láàárọ̀ Yìí?

Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn
Bíbélì kíkà: Ìṣe Àwọn Àpósítélì 6:1–6

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, mo kí yín ní orúkọ Jésù. Ẹ kú ọyẹ́ o.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan nínú ìjọ wa ṣubú sí balùwẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n tó rí wọn. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ẹ̀mí kò bọ́, wọ́n ti ń jókòó báyìí, wọ́n sì gbà mí láyè kí n sọ ọ́ níbí láì dárúkọ wọn. Ọmọ wọn tó wà ní Kánádà pè ní ọjọ́rú, ó pè lẹ́ẹ̀mẹta. Fóònù ń dún ní pálọ̀, ìyá ń gbọ́ ọ láti ilẹ̀ tí wọ́n wà, wọn kò lè dìde. Ọmọ náà rò pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn aládùúgbò wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì, àmọ́ fẹ́ǹsì ga, géètì wà ní títì. Ọmọkùnrin tó máa ń gbé omi wá fún wọn ló kan géètì títí tí ọkàn rẹ̀ kò fi balẹ̀ mọ́, ló bá fo fẹ́ǹsì wọlé. Èmi tí mo jẹ́ pásítọ̀ wọn, oúnjẹ ọ̀sán ni mò ń jẹ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n pè mí.

Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi kò ti kúrò nínú agbo ilé tí wọ́n bí mi sí, lọ́nà Òkèlérin ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Yàrá yí ojúde ká. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, àwa ọmọdé ti ní iṣẹ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò pè ní iṣẹ́: ká máa lọ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà, kí ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, kí obìnrin kúnlẹ̀, ká kí àwọn àgbà. O kò gbọdọ̀ fo yàrá kankan. Bí o bá fo ti Ìyá Àgbà tó wà ní igun, ìyá rẹ á ti gbọ́ kó o tó rún orín tán. Ìyá Àgbà á dá ẹ lóhùn láti inú yàrá, "Àkànní, o jíire bí?" Wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í kì ọ́, wọ́n á kì ọ́ kan baba ńlá rẹ, ìwọ á sì máa retí ìgbà tí wọ́n máa parí kó o lè sáré lọ pọn omi.

Ẹ̀kọ́ ilé ni wọ́n pè é fún wa. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé ìṣọ́ ni. Bí ohùn ìyá náà bá rẹlẹ̀ ju ti àná lọ, ọmọ á délé, á ní, "Ìyá Àgbà ò kì mí dáadáa lónìí." Gbólóhùn yẹn ti tó. Kí oòrùn tó yọ, obìnrin méjì ti wà nínú yàrá náà, ọ̀kan ń fi ọwọ́ kan iwájú orí wọn, èkejì ń po ẹ̀kọ gbígbóná.

Tí a bá ń sọ̀rọ̀ ọ̀làjú nínú ìjọ, aṣọ tí àwọn ọ̀dọ́ ń wọ̀ ni a máa ń pariwo lé lórí, àti irun wọn, àti fóònù tí wọn kì í gbé sílẹ̀. Èmi náà ti wàásù bẹ́ẹ̀ lórí pẹpẹ wa yìí. Mo ti wá rí i pé ohun tó ń lọ mọ́ wa lọ́wọ́ gan-an, a kì í rí i nígbà tó bá ń lọ. Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ òrùlé. Láyé àtijọ́, koríko ni wọ́n fi ń bo ilé, ẹnì kan ṣoṣo kò sì lè bo ilé. Ó ní láti bẹ ọ̀wẹ̀. Ẹni tó ń fẹ́ ọmọ wọn lọ́nà á kó ẹgbẹ́ rẹ̀ wá bá àna rẹ̀ ṣiṣẹ́, wọn á se oúnjẹ, baba ìyàwó á fi ojú ara rẹ̀ rí irú ọwọ́ tí ọkọ ọmọ òun ní sí iṣẹ́, yóò sì mọ irú ọ̀rẹ́ tó ń bá rìn. Ààfin Ọ̀yọ́ pàápàá, koríko bẹẹrẹ ni wọ́n fi ń bò ó. Nígbà ọdún Bẹẹrẹ, àwọn ìlú tó wà lábẹ́ Aláàfin ló ń ru koríko náà wá, ìyẹn sì ni wọ́n fi ń fi hàn pé ti Ọ̀yọ́ ni àwọn ṣì ń ṣe. Nígbà tó yá, páànù dé. Kì í jo lọ́dọọdún, iná kì í ràn án bí í ti koríko, ta ni kò ní fẹ́ ẹ? Káfíńtà méjì, ọjọ́ mẹ́ta, o sanwó, ó parí. Kò sí ìgbìmọ̀ kankan tó jókòó pé kí wọ́n fòpin sí ọ̀wẹ̀. Owó ló gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ èèyàn, ìdí tí àna fi ń rí àna sì bá a lọ.

Ẹ má jẹ́ ká wí pé ìta ni èyí ti wá bá wa. Àwa ìjọ gan-an wà lára àwọn tó gbé e wọ̀lú. Ní 1855 ni Thomas Jefferson Bowen, míṣọ́nnárì Bápítìsì láti Amẹ́ríkà, dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ní 1898 ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù bẹ̀rẹ̀ níbí, ní 1907 ni dókítà George Green dé, tí iṣẹ́ ìwòsàn tó di ilé ìwòsàn Bápítìsì fi fìdí múlẹ̀. A kọ́ àwọn èèyàn ní ìwé kíkà, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè fi ojú ara rẹ̀ ka Bíbélì. Mo bá wọn yọ̀ sí i títí dòní. Àmọ́ ẹni tó bá mọ ìwé kà, ó ti ní ọ̀nà tó lè bá kúrò nílé. Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní 1955, ọmọ tó ń yí ojúde ká láàárọ̀ ní láti tètè gbéra lọ síléèwé. Ó kàwé, ó yege, ó gba iṣẹ́ sí Ìbàdàn, ó gbà á sí Èkó, ọmọ tirẹ̀ wá dé Kánádà. Àwa la gbàdúrà fún ìwé àṣẹ ìrìnnà yẹn nínú ìṣọ́ òru, a sì ṣe ọpẹ́ nígbà tó bọ́ sí i.

Ẹnì kan lè sọ pé ṣebí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń rìnrìn àjò tipẹ́. Òótọ́ ni. Àwọn bàbá wa ṣòwò dé òkè Ọya, wọ́n ṣòwò dé Gánà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ́lé síbẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn tó ń bọ̀ wá kún ọ̀nà, òmíràn pẹ̀lú ẹrù orí nìkan. Níbo ni wọ́n wọ̀ sí? Agbo ilé ni. Ẹni tó ti lo ogún ọdún ní Kúmásì padà dé, yàrá bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n kàn ní kí àwọn ọmọdé tó ń sùn níbẹ̀ kó ẹní wọn ni. Agbo ilé àwọn arìnrìn-àjò ìgbà yẹn kò tíì tú. Ní tiwa, ọmọ lọ, agbo ilé náà sì tú, a kọ́ ilé oníyàrá mẹ́rin sí ìta ìlú, a fi fẹ́ǹsì yí i ká, a wá fi ìyá ẹni àádọ́rin ọdún sínú rẹ̀ ní òun nìkan. Ìfẹ́ ló kọ́ ilé yẹn. Mo mọ̀, torí èmi náà kọ́ irú rẹ̀ fún ìyá mi.

Mi ò ní ká kó padà sí agbo ilé. Àwọn tó ń yìn ín jù nínú wa ti gbàgbé opó tí wọ́n ṣú fún àbúrò ọkọ láì bi í bóyá ó fẹ́, ọmọbìnrin tí wọ́n yọ kúrò níléèwé nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, àti ìyá arúgbó tí wọ́n nawọ́ sí pé àjẹ́ ni nígbà tí ọmọdé kú. Ojúde kan náà tí wọ́n ti ń kí ìyá àgbà ni wọ́n ti ń sọ ọ́ lókùúta. Ìgbà tí àwọn kan sá kúrò níbẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní ìdí.

Ẹ wá wo Ìṣe Àwọn Àpósítélì orí kẹfà. Ìjọ ń pọ̀ sí i, nǹkan ayọ̀ ni, ibẹ̀ sì ni ìṣòro ti wọlé: wọ́n ń gbójú fo àwọn opó tó ń sọ èdè Gíríìkì níbi ìpínfúnni ojoojúmọ́. Kò sí ibi tí Lúùkù ti sọ pé ẹnì kan mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ètò tó tó fún ìwọ̀nba èèyàn kò tó fún ọ̀pọ̀ mọ́. Àwọn àpósítélì kò ní kí ìjọ padà kéré. Wọn kò sì sọ fún àwọn opó pé kí wọ́n fara dà á. Wọ́n ní kí ìjọ yan ọkùnrin méje, Gíríìkì sì ni orúkọ gbogbo wọn, Sítéfánù, Fílípì àti àwọn yòókù, bíi pé àárín àwọn tí wọ́n ń gbójú fò gan-an ni wọ́n ti wá wọn. Ipò tuntun ni, kò sí irú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn àpósítélì gbọ́wọ́ lé wọn lórí nítorí ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Mo ti ka ibẹ̀ láìmọye ìgbà, n kò dúró níbẹ̀ rí bí mo ṣe dúró lọ́sẹ̀ yìí.

Nítorí náà, èmi àti àwọn díákónì jókòó ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta. A ka orúkọ àwọn àgbà ìjọ wa tó ń dá gbé, wọ́n jẹ́ mọ́kàndínlógún. Ẹ̀rù bà wá, torí mẹ́jọ péré la rò pé wọ́n jẹ́. Láti ọ̀la, Ọjọ́ Ajé, ẹnì kan yóò máa kan ilẹ̀kùn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kí agogo méje àárọ̀ tó lù. Ẹ má fi ìpè fóònù rọ́pò rẹ̀, fóònù dún ní ilé ìyá yẹn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí yín, kí ẹ sì gbọ́ ohùn wọn. Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ tẹ̀ lé yín kí wọ́n tó lọ síléèwé, kí wọ́n sì kúnlẹ̀. Ìwé tí ẹ ó kọ orúkọ yín sí wà lọ́wọ́ akọ̀wé ìjọ lẹ́yìn ìsìn, ibi mọ́kànlá ló ṣì ṣófo níbẹ̀.

Nígbà tí mo sọ ètò yìí fún ìyá náà, wọ́n ní aago márùn-ún ààbọ̀ ni àwọn máa ń jí, wọn kò fẹ́ ẹni tó máa ń pẹ́. Wọ́n bi mí pé kí ni oríkì ẹni tó ń bọ̀. Èmi ni mo gba ọjọ́ Ajé. Mo sọ oríkì mi fún wọn.