Kẹ̀kẹ́ gígùn létí òkun, àti ọ̀nà Ẹ̀sìẹ́ tiwa

Ọ̀gá Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi tó wà ní Kánádà ló fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ lójú ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Cabot Trail ní Nova Scotia, kìlómítà 298, òkun lápá kan òkè lápá kejì, wọ́n fi ọjọ́ mélòó kan gùn ún, gáìdì wà níwájú, bọ́ọ̀sì ń kó báàgì wọn tẹ̀lé wọn, tó bá ti rẹ̀ ẹ́ o kàn wọnú bọ́ọ̀sì ni, kò sẹ́ni tó máa fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní òkè French Mountain yẹn fojú òun rí màbo, itan òun ń gbọ̀n.

Mo wá ń rò ó ní Ọ̀fà níbí. A ò lókun lóòótọ́, àmọ́ ṣebí a ní omi Òwu tó ń já bọ́ látorí àpáta, a ní músíọ̀mù Ẹ̀sìẹ́ tí wọ́n ṣí ní 1945, òun ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ère òkúta inú ẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún. Kí ló dé tá ò lè ṣe tiwa? Èmi gbé kẹ̀kẹ́ gba ọ̀nà Ẹ̀sìẹ́ lọ́dún tó kọjá, kòtò kan ló tẹ rímù mi, ọkọ̀ oníṣu ló gbé mi padà, orí iṣu ni mo jókòó sí. Ẹ bá wa sọ fáwọn tọ́rọ̀ kàn, kí wọ́n kọ́kọ́ dí kòtò yẹn ná.

Òǹkàwé yín, Ọ̀fà