Rọra kì í ṣe falẹ̀

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Ẹsẹ̀ tó ń dun Màámi ti fúyẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí o bá wọn sọ lórí WhatsApp lọ́jọ́ Sátidé ṣì ń dùn wọ́n. Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ọ̀pá lọ́wọ́ ọ̀tún, fóònù lọ́wọ́ òsì, ìwọ sì ń pariwo láti Manchester pé, "Màmá, ẹ falẹ̀! Ẹ falẹ̀!" Wọ́n dá ẹsẹ̀ dúró, wọ́n kọjú sí mi: "Èmi ni mo ń falẹ̀?" Mo rẹ́rìn-ín títí. Àwọn ò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ rọra" lo fẹ́ sọ, mo mọ̀.

Fà àti ilẹ̀ ló di falẹ̀, bí ẹni ń wọ́ nǹkan tuurutu nílẹ̀. Ẹ̀bi wà nínú rẹ̀. Télọ̀ tó gba aṣọ Kérésì, tí a ṣe Kérésì tán tí kò tíì gé e, ó ń falẹ̀ ni. A kì í bẹ èèyàn pé kó falẹ̀; "má falẹ̀ o" là ń wí.

Rọra ní tirẹ̀, rọ̀ àti ara ni: mú ara rọ̀. Ọ̀rọ̀ aago kọ́ rárá. Lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó, o máa gbọ́ tí èrò ọkọ̀ ń wí pé, "Dírẹ́bà, rọra sáré o." Kó sáré, ṣùgbọ́n kó rọra. Ta ló máa ní kí dírẹ́bà falẹ̀ sáré? Olè pàápàá ń rọra ṣílẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀ ó ń kánjú. Ọ̀rọ̀ ìṣe mìíràn ló sì máa ń tẹ̀ lé e: rọra jókòó, rọra da omi gbígbóná yẹn, rọra bá a sọ̀rọ̀. Fún ẹni tó wà lórí àtẹ̀gùn, "ẹ rọra o" nìkan ti tó. Bó bá jẹ́ eré ọkọ̀ nìkan lo ní lọ́kàn, "dín eré kù" ni kí o wí.

Nígbà mìíràn tí ọ̀rọ̀ bá sá mọ́ ọ lẹ́nu, má kàn já èyí tó sún mọ́ ọ gbà. Bi mí. Màámi ní èmi ni mi ò kọ́ ọ lédè nígbà tí o wà ní kékeré, wọn ò sì parọ́.

Pè wọ́n lálẹ́ òní. Má ṣàlàyé gírámà kankan fún wọn o. Kí wọn dáadáa, bẹ̀ wọ́n, kí o wá sọ pé, "Ẹ rọra o, Màmá." Bí wọ́n bá bi ọ́ pé ta ló kọ́ ọ, má dárúkọ mi.

Bàbá rẹ