Ìbálòpọ̀ tó di bárakú ní ìtọ́jú

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ fún àwọn ará wa ní Àbújá pé ẹni tí ìbálòpọ̀ ti di bárakú fún nílò dókítà pẹ̀lú àdúrà. Láti 2022 ni ìwé Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kà á mọ́ àìsàn: kéèyàn fẹ́ jáwọ́ kó má lè jáwọ́, fún bí oṣù 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí iṣẹ́ àti ilé rẹ̀ máa dàrú. Ẹ̀rí-ọkàn tó ń dáni lẹ́bi nìkan kò tó láti pè é ní àìsàn.

Ẹ lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ nílé ìwòsàn ńlá Gwagwalada. Ẹ kọ ohun tó máa ń ṣáájú ìbálòpọ̀ náà sílẹ̀ lọ́wọ́: àìsùn, ìbínú, owó oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ibẹ̀ ni ìtọ́jú ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò lo kọ́ńdọ̀mù, kó tètè gba oògùn ìdènà HIV kí wákàtí 72 tó pé.

Àwa olùtọ́jú aláìsàn,
Kubwa, Àbújá.