Kò sẹ́ni tó jẹ owó Bàbá

Ìjẹ̀bú-Òde

Ìyá Ìbejì mi,

Ṣé dáadáa lẹ wà? Àwọn ìbejì ńkọ́? Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, pé àbúrò rẹ ló jẹ owó ìfẹ̀yìntì Bàbá tí kò wọlé mọ́. Jọ̀ọ́, má pe àbúrò rẹ lólè mọ́. Kò sẹ́ni tó jẹ owó Bàbá.

Ìwọ náà mọ̀ pé pósítọ́fíìsì ni Bàbá ti fẹ̀yìn tì, PTAD, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí owó ìfẹ̀yìntì, ló sì ń san owó wọn. Ẹni tó bá ń gbowó níbẹ̀ gbọ́dọ̀ máa fi hàn látìgbàdégbà pé òun ṣì wà láyé. "I Am Alive" ni wọ́n ń pe ètò náà. Ẹni tí kò bá ṣe é, owó rẹ̀ á dúró, torí ìjọba ò fẹ́ máa sanwó fún òkú. Èmi ò rí àìdáa níbẹ̀. Àmọ́ Bàbá ti sọ síìmù àtijọ́ tí wọ́n fi forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ nù, wọn ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lánàá la jọ ṣe é lórí fóònù mi. Bàbá dé abetí ajá, wọ́n láwọn ò ní í yọjú síjọba lórí òfìfo. Fóònù ò dá ojú wọn mọ̀ nínú pálọ̀. A jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n yọ awò ojú, kó tó gbà. "Ṣé mo ti wà láàyè báyìí?" Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Bá mi yẹ BVN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti báǹkì) àti NIN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè) Bàbá wò o. Láti March 1, 2024, CBN, báǹkì àpapọ̀ Nàìjíríà, ní kí àwọn báǹkì ti àkáǹtì tí kò bá ní BVN tàbí NIN: owó inú rẹ̀ kò ní í ṣeé gbà jáde.

Ti Ìyá Alákàrà tiẹ̀ tún yàtọ̀. Owó ìrànwọ́ àwọn aláìní ni tiwọn, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 2016 pẹ̀lú 5,000 náírà lóṣù. Ní January 2024, Ààrẹ Tinubu dá a dúró kí wọ́n lè wádìí ìnáwó rẹ̀. Nígbà tó padà bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní àfi ẹni tó bá ní NIN. Ìyá ò gbọ́ ìkankan nínú ẹ̀. Alága wọ́ọ̀dù ni wọ́n ń ṣépè fún láràárọ̀, bí wọ́n ti ń da àkàrà sínú epo. Mi ò bá wọn wí. Bí owó bá dúró tí ẹnikẹ́ni ò sọ ìdí, olè ló máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn.

Fọ́tò ìwé ìfẹ̀yìntì Bàbá tó wà lọ́wọ́ rẹ, fi ránṣẹ́ kó tó di Mọ́ńdè. Kí o sì pe àbúrò rẹ.

Èmi ni,
Ìyá Táyọ̀