Lẹ́tà sí màámi: Mo dé Kípírù yín

Ẹ̀yin màámi,

Ẹ kú ojú lọ́nà. A ti dé láti Kípírù, erékùṣù inú Bíbélì yín, ara wa le. Mo mọ̀ pé ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ bi mí ni bóyá mo dé ibojì Bánábà, ẹnìkejì Pọ́ọ̀lù nínú iṣẹ́ ìwàásù. Mò ń bọ̀ níbẹ̀.

Lánákà la ti háyà mọ́tò. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń tọ̀ lọ́hùn-ún, nítorí òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ló ń ṣàkóso wọn títí di 1960. Èmi tó jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún ni mo mọ̀ láti Ìbàdàn dé Jámánì! Mo rántí oṣù kẹrin ọdún 1972 tí ẹ máa ń sọ, tí Nàìjíríà kúrò lósì bọ́ sọ́tùn-ún, tí bàbá fi mọ́tò sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Mo ti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ rí. Ní ráńdábáòtù àkọ́kọ́, mo ní kí n tan tíráfíkétọ̀, wáípà ló bẹ̀rẹ̀ sí í nu gíláàsì nínú oòrùn ganrínganrín. Nọ́ńbà pupa ni ti mọ́tò háyà níbẹ̀. Àwọn ará ìlú rí i, wọ́n yà fún mi. Ìtìjú ni, ṣùgbọ́n òun ló kó mi yọ.

Ní Páfò, mo dé ìdí òpó tí wọ́n ní wọ́n so Pọ́ọ̀lù mọ́, tí wọ́n nà án ní ẹgba mọ́kàndínlógójì. Ẹ má bínú, kùkùté òkúta lásán ni, ológbò kan sùn fọnfọn sídìí ẹ̀. Ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì ò tiẹ̀ sọ pé wọ́n na ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Oṣó tí Pọ́ọ̀lù bá wí ní Páfò, tí ojú ẹ̀ fọ́, ni ẹ̀yin kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi.

Ó ku Bánábà. Màámi, ibojì ẹ̀ àti Sálámì tí òun àti Pọ́ọ̀lù gúnlẹ̀ sí, apá ọ̀dọ̀ àwọn Tọ́kì ni méjèèjì bọ́ sí láti ìgbà ogun 1974. Ìwé tí mo fọwọ́ sí nígbà tí mo gba mọ́tò sì sọ ọ́ gbangba pé ìńṣọ́ránsì wọn ò kọjá ààlà. Ta ló máa sanwó bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀? A páàkì sí Nikosíà, olú-ìlú wọn, a fẹsẹ̀ rìn títí a fi kan ààlà náà, níbi tí wọ́n to àgbá dí ojú ọ̀nà, koríko ti hù lórí wọn. Ìyàwó mi ní ká padà. A padà.

Mo ti fi fọ́tò ránṣẹ́ sí fóònù àbúrò mi kó fi hàn yín. Bánábà ò sí níbẹ̀ o. Àgbá ni.

Ọmọ yín,
Àkàndé