Muhammad Naguib ni ààrẹ àkọ́kọ́ ní Íjíbítì

Ẹ̀yin Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá tún ń to orúkọ àwọn tó ti ṣolórí Íjíbítì, ẹ má bẹ̀rẹ̀ ààrẹ wọn látorí Gamal Abdel Nasser mọ́. Ọ̀gágun Muhammad Naguib ló kọ́kọ́ jẹ ẹ́, ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà ọdún 1953, ọjọ́ tí wọ́n fòpin sí ipò ọba níbẹ̀.

Òótọ́ ni pé Nasser ló kó àwọn ọ̀dọ́ ológun jọ ní bòńkẹ́lẹ́ tí wọ́n fi gbàjọba ní ọjọ́ 23 oṣù Keje ọdún 1952. Ṣùgbọ́n ẹni ọdún 34 ni nígbà náà, aráàlú ò mọ̀ ọ́n. Naguib ti lé ní 50 ọdún, ó ti fara gbọgbẹ́ nínú ogun Palẹ́sìnì ọdún 1948, àwọn ọ̀gá ológun sì dìbò yàn án ṣe olórí kílọ́ọ̀bù wọn nígbà tí Ọba Farouk ń fẹ́ ẹlòmíì. Orúkọ rẹ̀ ni Anwar Sadat, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ ológun náà tó di ààrẹ lẹ́yìn Nasser, fi ka ìkéde wọn lórí rédíò láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n gbàjọba.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Farouk gbé adé fún ọmọ rẹ̀ jòjòló, ó wọ ọkọ̀ ojú omi Mahrousa ní Alexandria. Naguib tó fẹ́ dágbére fún un pẹ́ dé èbúté. Ó wọ ọkọ̀ kékeré, ó lé e bá, ó gòkè lọ, ó sì kí i bí ológun ṣe ń kí ọba rẹ̀. Irú ènìyàn tó jẹ́ nìyẹn.

Ohun tó dá ìjà sílẹ̀ láàárín òun àti Nasser ni pé ó ní kí àwọn ológun padà sí bárékè, kí ilé aṣòfin sì padà wá. Ó kọ̀wé fipò sílẹ̀ nínú oṣù Kejì ọdún 1954. Aráàlú tú síta, wọ́n sì dá a padà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tí ẹnìkan yìnbọn sí Nasser ní Alexandria nínú oṣù Kẹwàá, àwọn ológun so orúkọ Naguib mọ́ Muslim Brotherhood, ẹgbẹ́ ẹ̀sìn Ìsìláàmù tó ń ṣòṣèlú, wọ́n yọ ọ́ nípò ní ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá, wọ́n sé e mọ́lé ní Marg lẹ́bàá Káírò títí Sadat fi tú u sílẹ̀ lọ́dún 1971. Wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé àwọn ọmọ ilé ìwé. Ìwà ìkà gbáà ni, kò yẹ kí ìwé ìròyìn wa máa bá wọn parí rẹ̀.

Ẹ tún kíyè sí ọdún Nasser. Oṣù Kẹfà ọdún 1956 ni wọ́n dìbò fún un gẹ́gẹ́ bí ààrẹ. Ṣáájú ìgbà náà, olóòtú ìjọba àti alága ìgbìmọ̀ ológun ló jẹ́. Sufi Abu Taleb tó di ìjọba mú fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n pa Sadat lọ́dún 1981, àti Adly Mansour láàárín ọdún 2013 sí 2014, adelé ni àwọn méjèèjì. Ẹ kọ ọ́ síwájú orúkọ wọn bẹ́ẹ̀.

Òǹkàwé yín,
Ìbàdàn